Ìtọ̀ Tó Mọ́ Jù Lọ

Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹta ọdún 1983, Àwáwù, aya ahunṣọ kan ní Ìsẹ́yìn, kú. Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n ṣe fìdáù rẹ̀ tán, dókítà tó máa ń wá gba ìgò ìtọ̀ rẹ̀ lóṣooṣù dé láti Ìbàdàn.

“Bàbá, ẹ kú ará fẹ́ra kù.”

Ahunṣọ kò kúrò nídìí òfì. “Ọdún kan gbáko lẹ fi ru ìtọ̀ obìnrin. Kí lẹ rí níbẹ̀?”

“Ara Ìyá ló ń bá ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ jà, Bàbá. Irú ìjà bẹ́ẹ̀ máa ń fi àmì sílẹ̀ nínú ìtọ̀.”

“Ẹ̀ bá kúkú tọ́ ọ wò, ẹ̀ bá tètè rí i.”

Ahunṣọ ń rẹ́rìn-ín nínú. Ọkùnrin wo ló máa jẹ́ kí àjèjì gbé ìtọ̀ ìyàwó òun kiri? Lóṣooṣù ló ń mú ìgò náà lọ sẹ́yìnkùlé, tó ń tọ̀ sínú rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Dókítà ṣí ìwé. “Ohun tó yà wá lẹ́nu ni pé nínú ogójì aláìsàn, ti Ìyá nìkan ló mọ́ tónítóní. A rò pé ìjà náà ti parí ni. Ìdí nìyẹn tá a fi dá oògùn wọn dúró lóṣù Kejìlá.”

Ọwọ́ ahunṣọ dúró.

Ẹrù tí Àwáwù fi sílẹ̀ kò pọ̀: ìrànwú kan, ọ̀pá ìtìlẹ̀ kan, bàtà tó gé níwájú nítorí ẹsẹ̀ wíwú, àti hóró oògùn méjì àbọ̀ tó dì sí etí ìborùn, tó ti ń dá sí wẹ́wẹ́ láti oṣù Kejìlá láti fi ṣún un lò.