Orúkọ Tí Tísà Fò

Ilẹ̀ ti ń ṣú. Tísà Ọ̀ṣúntókì dá wà ní kíláàsì, ó ń ka ìtàn ogun Gíríìsì àtijọ́ tó fúnra rẹ̀ túmọ̀ sí Yorùbá sókè ketekete. Wọ́n ní afọ́jú kan ló kọ́kọ́ sọ ọ́.

“Irọ́ lo pa!”

Bí oníjàálá ti í já lu ẹni tó bá ṣi ìjálá sun ni ohùn náà já lù ú. Bàbá afọ́jú kan ló jókòó lẹ́yìn kíláàsì, omi ń kán lára aṣọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òjò ò rọ̀.

“O fo orúkọ àwọn tó kú sógun náà.”

“Ẹ máà bínú, bàbá. Wọ́n pọ̀ jù ni.”

“Gbogbo wọn ló bá mi wá. Pè wọ́n.”

Ìró ẹsẹ̀ tútù ń gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ bọ̀. Tísà pe orúkọ àkọ́kọ́.

“Mo wà níbí,” ni ẹnì kan dáhùn lẹ́nu ilẹ̀kùn.