Kọ̀ǹpútà Tí Rosaline Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Tò

Àárọ̀ Ọjọ́ Ajé ni kọ̀ǹpútà Rosaline kọ́kọ́ kọ̀ tí kò tàn. Ó tẹ bọ́tìnì rẹ̀, ó dúró. Kò gbọ́ ìró fáànù, kò rí iná kankan. Ó tún un tẹ̀, ibi pẹlẹbẹ náà ni ọ̀bẹ fi lélẹ̀.

Tíṣà físíìsì ni Rosaline ní iléèwé kan n'Ígbó-Ọrà. Òun fúnra rẹ̀ ló to kọ̀ǹpútà náà. Bó bá ti lọ sí Ìbàdàn, á ra ẹ̀yà kan bọ̀, títí gbogbo rẹ̀ fi pé, ó wá tò wọ́n pọ̀ lórí tábìlì oúnjẹ. Àwọn tíṣà ẹgbẹ́ rẹ̀ wá wò ó bí ẹni wá wo ọmọ tuntun. Inú rẹ̀ ni máàkì àwọn ọmọ kíláàsì àṣekágbá wà báyìí, ọ̀gá iléèwé sì ti ní òun gbọ́dọ̀ rí wọn gbà lọ́jọ́ Ẹtì.

Bámiṣẹ́, ọkọ rẹ̀, jáde ní balùwẹ̀, táwẹ́ẹ̀lì lọ́rùn. Ó tẹ bọ́tìnì náà lẹ́ẹ̀kan. Kọ̀ǹpútà tàn.

"Bàbá Kíkí, kí lẹ ṣe fún un?"

"Mo tẹ̀ ẹ́ ni."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kò tún tàn. Rosaline lọ po ẹ̀kọ, ó gbé ife rẹ̀ dání lọ́wọ́ ọ̀tún, ó padà wá fọwọ́ òsì tẹ bọ́tìnì náà bó ti ń kọjá. Ó tàn wàì. Rosaline ní iná ìjọba ni kò lágbára láàárọ̀ kùtù. Ó mú ìwé, ó kọ àkókò náà sílẹ̀.

Lọ́jọ́rú, nígbà tí kò tún tàn, Rosaline ní kí Bámiṣẹ́ bá òun tú skúrù ara kọ̀ǹpútà náà, nítorí wọ́n ti le jù. Ó fi rọ́bà ìparẹ́ nu mẹ́mọ́rì, ó pààrọ̀ bátìrì pẹlẹbẹ inú rẹ̀. Bámiṣẹ́ tẹ̀ ẹ́, ó tàn. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Níléèwé lọ́jọ́ náà, ṣọ́ọ̀kì bọ́ lọ́wọ́ Rosaline lẹ́ẹ̀mẹta. Ó sọ fún àwọn ọmọ pé òun ò rí oorun sùn nítorí kọ̀ǹpútà.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, Bámiṣẹ́ ti lọ síbi iṣẹ́ ní Ìdèrè. Rosaline tẹ bọ́tìnì náà títí ó fi sú u. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Kí ni mo fi ṣe ọ́?" ló bi í, bí ẹni ń bá ọmọ sọ̀rọ̀. Omijé bọ́ lójú rẹ̀.

Ó wọkọ̀ lọ sí Èrúwà, ó gbé kọ̀ǹpútà náà lé itan. Ọ̀dọ̀ Sódìq ló ń lọ, ọkùnrin kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, tó ti ń tún rédíò ṣe kí kọ̀ǹpútà tó dé ìlú.

Sódìq tẹ̀ ẹ́, ó tàn. Ó pa á, ó tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá, ó ń tàn. Ó ní kí Rosaline tẹ̀ ẹ́. Kò tàn.

"Háà!" ni Sódìq wí. Ó pààrọ̀ ẹ̀yà tó ń gba iná sínú ẹ̀rọ. Rosaline tẹ̀ ẹ́, kò tàn. Sódìq wá yọ wáyà méjì tó ti ara bọ́tìnì wá, ó fi ẹnu irin kàn wọ́n pọ̀. Fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

"Ìyá Kíkí, a ti mú olè yìí. Bọ́tìnì ni."

Ó fi bọ́tìnì tuntun sí i. Ọkàn Rosaline balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti Ọjọ́ Ajé. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró, ó tẹ bọ́tìnì tuntun náà.

Kò tàn.

Sódìq tẹ̀ ẹ́, ó tàn. Ó pa á. Rosaline tẹ̀ ẹ́, kọ̀ǹpútà dákẹ́ lọ gbári.

"Bàbá Nàfísàt, kò fẹ́ràn mi ni," ni Rosaline wí. "Èmi tí mo fọwọ́ ara mi tò ó. Ọ̀la ni wọ́n fẹ́ gba máàkì. Kí ni kí n wá ṣe?"

Sódìq tan iná fóònù rẹ̀, ó lóṣòó títí ojú rẹ̀ fi bá bọ́tìnì náà dọ́gba.

"Ẹ tún un tẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa."

"Mo ti ń tẹ̀ ẹ́. Gbogbo agbára mi ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́ yìí."

Sódìq rí ìka rẹ̀ tó bà lé orí bọ́tìnì náà bí eṣinṣin, tí bọ́tìnì ò sì wọlé rárá, ó wá rọra di ọwọ́ ọ̀tún náà mú, ó ní, "Ìyá Kíkí, láti ọjọ́ wo ni ọwọ́ yín ti kú báyìí?"