Fọ́tò Ara Ilẹ̀kùn Rẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń pariwo lórí ìkànnì pé bọ́ọ̀lù ń so ayé pọ̀, ẹ gbọ́ tèmi lókè òkun níbí.

Ilẹ̀kùn èmi àti aládùúgbò mi kọjú síra.

Tí mo bá di irin àtẹ̀gùn mú, á fa áńkáṣíìfù yọ, á nù ún kó tó fọwọ́ kàn án.

Mo kí i, ó yínmú.

Ìyàwó mi ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ fi í sílẹ̀. Ìlú onílùú la wà."

Lọ́sàn-án Sátidé, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú yìí gbá góòlù wọlé. Ọkùnrin yìí kan náà ló sáré wá dì mọ́ mi ní pápá!

Ó fẹnu kò mí lẹ́nu. Itọ́. Òórùn bíà. Òógùn abíyá.

"Ìwọ lo mú oríire wá!" Ó ní kí ọ̀rẹ́ òun ya wá ní fọ́tò.

Bọ́ọ̀lù dé ẹsẹ̀ agbábọ́ọ̀lù aláwọ̀ dúdú kan nínú ẹgbẹ́ kejì. Ni aládùúgbò mi bá ń ké bí ọ̀bọ sí i.

Ọwọ́ ẹ̀ ṣì wà lọ́rùn mi o!

Mi ò lè fọhùn. Òfin iṣẹ́ mi ni.

Láàárọ̀ yìí, mo rí fọ́tò ọ̀hún lára ilẹ̀kùn ẹ̀. Mo fọwọ́ kàn án.

Ó ṣílẹ̀kùn. "Kí lò ń wò níbẹ̀?"

Ó fa áńkáṣíìfù yọ, ó nu fọ́tò náà: òun rèé, tó dì mọ́ ẹkùn onírun ńlá tó máa ń jó fún èrò lẹ́bàá pápá.

Èmi ni mo wà nínú awọ ẹkùn yẹn.