Okùn Tó Pààrọ̀ Àyè

Lẹ́yìn oyún kẹrin tó wálẹ̀ lára Rahama, dókítà ní kí òun àti Naeem ọkọ rẹ̀ wá fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún àyẹ̀wò kúrómósómù ní ilé ìwòsàn kan ní Ìlọrin. Nígbà tí èsì dé, Rahama ní òun ò fẹ́ rí ibẹ̀ mọ́. Naeem nìkan ló lọ.

Dókítà Olúwakẹ́mi fi àwòrán hàn án: àwọn okùn tíntìntín tí wọ́n ń pè ní kúrómósómù, tí wọ́n tò ní méjì-méjì.

"Àwọn ló ń gbé ìrísí bàbá àti ìyá fún ọmọ," ó ní. "Ẹ wo méjì yìí. Díẹ̀ lára èyí ti lọ lẹ̀ mọ́ ìyẹn, díẹ̀ lára ìyẹn sì ti bọ́ sípò rẹ̀. Kò ní pa ẹni tó ni ín lára. Àmọ́ ó lè lé tàbí kó dín tó bá dé ara oyún, oyún náà ò sì ní dúró."

"Ṣé kò lóògùn ni?"

"Kò lóògùn. Ṣùgbọ́n ọmọ tó pé ṣì lè wá. Ẹ mú madam wá, kí n bá ẹ̀yin méjèèjì sọ̀rọ̀."

Naeem dúpẹ́, ó wọ kẹ̀kẹ́ padà sí Tanke.

Ìyá rẹ̀ ti ń dúró dè é ní pálọ̀. Láti ìgbà oyún kejì ni ìyá yìí ti ń dárúkọ Hadiyyah, ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Òkè-Ọ̀yì, pé kí Naeem fi ṣe ìyàwó kejì. Rahama ń ṣa ẹ̀wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

"Kí ni wọ́n wí?" ìyá rẹ̀ bi í.

"Wọ́n ní ara mi ló ti ń wá. Obìnrin yòówù kí n fẹ́, bákan náà ni yóò rí."

Ìyá rẹ̀ wò ó títí. "Kádàrá Ọlọ́hun ni," ó ní. Kò dárúkọ Hadiyyah mọ́ láti ọjọ́ náà.

Rahama kò gbójú sókè. "Ṣé ó dá wọn lójú?"

"Ó dá wọn lójú."

Ó ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀, Salahudeen, bàbá Rahama, wá sílé wọn. Àáfà ni, ohùn rẹ̀ kì í le.

"Naeem, a ò bá ọ jà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ orí Rahama ò tíì lọ. Ó lè rọ́mọ bí níbòmíràn. Ohun tí a wá tọrọ ni pé kí o tú u sílẹ̀."

Naeem yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Ṣé ohun tí ìwọ náà fẹ́ nìyẹn?"

"Mo fẹ́ kí ọmọ pè mí ní ìyá," Rahama fèsì. "Ẹ má bínú."

"Mi ò bínú."

Ó kọ̀ ọ́ sílẹ̀ lójú bàbá rẹ̀. Naeem fúnra rẹ̀ ló gbé àpótí Rahama sínú mọ́tò, ó sì dúró lójú títì títí mọ́tò náà fi yà lọ. Ibẹ̀ ló wà tí fóònù rẹ̀ fi dún.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, sà," Dókítà Olúwakẹ́mi ní. "A ò tíì rí madam o. Bí mo ṣe sọ fún yín lọ́jọ́sí, ẹ̀jẹ̀ tiyín ò ní nǹkan kan, tiwọn ni okùn yẹn ti pààrọ̀ àyè. Ṣé ẹ ti sọ fún wọn?"