Akóòdù Oníwàǹwára àti Àpótí Owó Àwọn Aránṣọ

Ìwàǹwára ni àlèébù ọkùnrin tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Akóòdù ni, ẹni tó ń kọ àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ sì yá ju ọwọ́ lọ. Kí èèyàn tó sọ iṣẹ́ tán fún un ni yóò ti dáhùn pé, "Ó ti parí." Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Ó-ti-parí nìyẹn, inú rẹ̀ a sì máa dùn sí i, kò mọ̀ pé èébú díẹ̀ wà níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni olórí àwọn aránṣọ kan tí wọ́n jọ háyà ilé kan. Onílé ní òun fẹ́ ta ilé náà. Bí wọn kò bá rà á kí oṣù tó parí, kí wọ́n kó ẹ̀rọ ìránṣọ wọn jáde. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó jọ, àwọn ọmọ wọn tó wà lẹ́yìn odi náà sì fẹ́ dá sí i. Ni Ó-ti-parí bá ṣe àpótí owó kan fún wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àpótí yìí kò ní akọ̀wé, kò ní máníjà. Kóòdù ni yóò máa gba owó wọlé, ọ̀gá àpótí nìkan ni yóò sì lè pàṣẹ kí owó jáde. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá.

Àṣẹ kan wà nínú kóòdù náà tí a fi ń pààrọ̀ ọ̀gá. Ó yẹ kí àpótí kọ́kọ́ wò ó bóyá ọ̀gá gan-an ló ń pàṣẹ kó tó gbà. Ṣùgbọ́n bí Ó-ti-parí ṣe ń dán iṣẹ́ wò, àyẹ̀wò yìí ń dí i lọ́wọ́. Ó yọ ọ́ kúrò, ó ní bí òun bá ṣe tán, òun yóò dá a padà. Ẹ̀yin náà mọ irú "bí mo bá ṣe tán" bẹ́ẹ̀.

Obìnrin kan wà níbi iṣẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀ẹ̀mejì, torí pé kì í wo nǹkan lẹ́ẹ̀kan. Ó fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Jẹ́ kí n bá ẹ wò ó kó o tó gbé e síta. Tó bá ti jáde, kò ṣeé tún ṣe mọ́, gbogbo ayé ló sì máa lè kà á."

"Ó ti parí."

"O ò ní jẹ́ kí n kà á?"

"Ìwọ tó o máa ń yẹ bàtà wò lẹ́ẹ̀mejì kó o tó wọ̀ ọ́? Ọdún tó ń bọ̀ lo máa kà á tán."

Ó tẹ bọ́tìnnì, àpótí jáde sáyé. A kì í fi ìwàǹwára lá ọbẹ̀ gbígbóná, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún un? Ó ti fi owó iṣẹ́ ra alùpùpù pupa kan, ó ń gùn ún yípo àdúgbò, ó ń fọn fèrè fún ẹni tí kò dí i lọ́nà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ lọ sanwó ilé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣí fóònù láti pàṣẹ kí owó jáde. Àpótí dá a lóhùn pé kì í ṣe òun ni ọ̀gá. Ó tún tẹ̀ ẹ́, èsì kan náà ni. Ó wo inú àpótí, ó ti ṣófo. Ó jókòó lórí òkìtì aṣọ, ó pe àbúrò rẹ̀.

"Owó àwọn èèyàn dà?"

Ó-ti-parí ju fóònù sílẹ̀. Ẹ̀rù bà á débi pé ó gbàgbé alùpùpù, ẹsẹ̀ ló fi sáré débẹ̀.

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ẹnì kan tí wọn kò mọ̀ rí ti ka kóòdù náà, ó rí àṣẹ tí kò ní ẹ̀ṣọ́, ó fi ara rẹ̀ jẹ ọ̀gá, ó sì kó gbogbo owó lọ. Ṣùgbọ́n orí bá àwọn aránṣọ ṣe é, ẹni yìí kì í ṣe olè. Wọn ò tíì sunkún tán tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi wọlé sórí fóònù ẹ̀gbọ́n:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olówó. Mo bá ilẹ̀kùn yín ní ṣíṣí gbayawu, ni mo ṣe kó owó yín pamọ́ kí olè tó dé. Mo máa dá a padà lónìí, àmọ́ kì í ṣe sínú àpótí yẹn. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì ṣe òmíràn. Ẹni tó ṣe ti àkọ́kọ́ ni kó san owó ìṣọ́ mi."

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n lọ bẹ̀. Ó ṣe àpótí tuntun tí owó kò lè jáde níbẹ̀ àfi bí mẹ́ta nínú àwọn aránṣọ bá fọwọ́ sí i. Owó padà dé, ilé di tiwọn, wọ́n jó títí òwú fi lọ́ mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Ó-ti-parí ta alùpùpù láti fi san owó ìṣọ́. Níbi iṣẹ́, ohunkóhun tó bá kọ kò gbọdọ̀ jáde mọ́ àfi bí Ẹ̀ẹ̀mejì bá kà á tán, Ẹ̀ẹ̀mejì kì í sì í kánjú.

Àwọn aránṣọ gan-an ló wá fi ojú rẹ̀ rí nǹkan jù. Bí wọ́n bá ti rí i tó ń bọ̀ wá kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọn yóò sáré ti ilẹ̀kùn.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni."

"Ìwọ ta ni?"

"Àbúrò olórí yín ni."

"Kí ló jẹ́rìí sí i?"

Yóò dúró sínú oòrùn, yóò máa ka orúkọ bàbá àti ìyá rẹ̀, títí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yóò fi rẹ́rìn-ín tẹ́rùn kó tó ní kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un.

Ẹ̀yin tí ẹ ka ìtàn yìí, ẹ fi kọ́gbọ́n. Ẹni tí a bá fi ohun ìní ẹlòmíì ṣọ́, kó má ṣe kánjú. Ilẹ̀kùn tí kò bá mọ olówó rẹ̀ yàtọ̀ sí àlejò, bí ẹni pé kò sí ilẹ̀kùn ni. Bí ẹnì kejì bá ní òun fẹ́ bá wa yẹ iṣẹ́ wa wò, kí á fún un ní àga kó jókòó, nítorí kì í ṣe gbogbo ìgbà ni aláàánú máa ń ṣáájú olè débẹ̀.