Ìkíni Odídẹrẹ́ Lórí Àpáta

Ẹ̀yin tí ẹ ń bú wai-fai yín pé kò yára, àlọ́ mi fò, ó fò, ó bà sórí àpáta kan létí odò.

Ibẹ̀ ni àwọn ẹranko ti ń ránṣẹ́ sí àwọn ará òdìkejì, lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, torí bí ẹni méjì bá jọ kígbe, wọn kì í gbọ́ ti ẹnikẹ́ni. Odídẹrẹ́ ní iṣẹ́ méje láti jẹ́. Kó tó jẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, á kọ́kọ́ kọrin kí wọn:

Lílé: Ará òdìkejì, ẹ kú ilé o!
Ègbè: Hòo, a gbọ́ o!
Lílé: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àlejò o!
Ègbè: Hòo, a gbọ́ o!

Ó ti jẹ́ méjì nígbà tí Ọ̀kẹ́rẹ́, tó ń dúró lẹ́yìn rẹ̀, rí iná igbó tó ń bọ̀ lẹ́yìn àwọn ará òdìkejì. Ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ní, "Ẹ̀gbọ́n, àwọn tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kí yìí, ṣé wọ́n ti kúrò níbẹ̀ ni, tí ẹ tún fẹ́ kí wọn?"

Odídẹrẹ́ ronú. "Rárá o."

Ló bá fi ìkíni kan ṣoṣo jẹ́ iṣẹ́ márùn-ún tó kù, ó yẹra.

Ọ̀kẹ́rẹ́ náà kí wọn lẹ́ẹ̀kan kó tó pariwo iná. Gbogbo wọn bẹ́ sódò.

Bí wai-fai tó yára ṣe ń ṣe nìyẹn: àmì ìkíni kan ló fi ń ṣáájú, á wá kó iṣẹ́ púpọ̀ tẹ̀lé e. Síbẹ̀, iná ti jó ìrù ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́. Ìkíni kan péré ni Odídẹrẹ́ kí, ó sì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ká ní ó kí wọn lẹ́ẹ̀marùn-ún ńkọ́?