Ilé Tó Yọ Lójú Kọ̀ǹpútà

"Ta ló ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀?"

Bánjọ ló kígbe bẹ́ẹ̀ láti pálọ̀. Òun nìkan ló wà nílé lálẹ́ ọjọ́ náà, tó ń to àwọn fáìlì tó fọ́n káàkiri inú kọ̀ǹpútà wọn jọ. Fóònù dún. Mọrẹ́nikẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ni.

"Aláìsinmi, o tún ti ń tú kọ̀ǹpútà yẹn, àbí? Má pa á lágbedeméjì o! Iṣẹ́ ọdún méjì mi ló wà níbẹ̀, ọ̀la ni mo sì ń gbé e lọ fún olùkọ́ mi."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ó kù díẹ̀."

Lójú kọ̀ǹpútà, àwọn àpótí pupa kéékèèké tó dúró fún àwọn fáìlì náà ń rìn lọ sípò wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bánjọ tẹjú mọ́ wọn, nítorí àdììtú kì í sú u. Wọ́n ń to ara wọn di àwòrán ilé: wọ́n to pálọ̀, wọ́n to ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n to yàrá ìyá rẹ̀. Ilé wọn gan-an ni, àmọ́ pálọ̀ inú àwòrán náà kò ní ilẹ̀kùn.

Ó bojú wẹ̀yìn. Ògiri gbalaja ló wà níbi tí ilẹ̀kùn wà tẹ́lẹ̀. Irin sì wà lójú gbogbo fèrèsé. Ó nawọ́ láti pa kọ̀ǹpútà, ó rántí Mọrẹ́nikẹ́, ó fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn.

Ó ku àpótí kan ṣoṣo. Àpótí náà rọra gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ inú àwòrán wọ pálọ̀, ó sì dúró síbi tó jẹ́ ẹ̀yìn àga tí Bánjọ jókòó sí.

Bánjọ yíjú. Ilẹ̀kùn ti padà sípò rẹ̀, ó ṣí sílẹ̀ gbayawu, kò sì sẹ́nikẹ́ni ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́; inú pálọ̀ ni ẹsẹ̀ náà ti ń wọ́ nílẹ̀ báyìí.